Ọ̀pá Iwájú Ọkọ̀ Àtijọ́, àti Ohun tí Kò Lè Ṣe



Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá kan tí ó ti ń ka ojú ewé yìí láti ìgbà pípẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbẹ̀ ni ó gbé ń ṣiṣẹ́. Ọmọ náà ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan, MGB ni orúkọ rẹ̀, irú èyí tí ènìyàn méjì péré ń jókòó sí, tí òrùlé rẹ̀ sì ṣeé ká. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó kọ̀wé sílé pé òun ń fi owó pamọ́ láti ra ọ̀pá irin kan tí òun yóò dè mọ́ abẹ́ iwájú rẹ̀. Bàbá wá bi wá báyìí pé: ọkọ̀ tí ó ti ń rìn láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún láìní ọ̀pá, báwo ni ọ̀pá ṣe wá di dandan fún un nísinsìnyí? Ṣé kì í ṣe fáàrí ni ọmọ yìí fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣe?

Ìbéèrè yìí tọ́, nítorí owó tí ọmọ fi òógùn ojú wá kò yẹ kí ó bá fáàrí lọ. Bí a bá bi èmi náà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi ìbá dáhùn pé fáàrí ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà mo ti lọ kí àbúrò mi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti dùbúlẹ̀ sí abẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ti bá a di ọ̀pá náà mú kí ó lè fi sípánà dè é. Mo sì ti jókòó nínú ọkọ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ̀rù bà mí gidigidi: ẹ̀ẹ̀kan kí ọ̀pá tó wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn tí ọ̀pá ti dé. Ẹ̀rù ìgbà kejì ni ó kọ́ mi ní ọgbọ́n jù. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ fún yín bí ó ti rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tí à ń sọ. Ìlú Abingdon, tí kò jìnnà sí Oxford, ni a ti ń ṣe MGB láti ọdún 1962 títí di ọdún 1980, nígbà tí a ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ náà. Èyí tí wọ́n ṣe ju 500,000 lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn sì rékọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ọkọ̀ àwọn ọlọ́lá. Akọ̀wé àti olùkọ́ tí ó bá mọ owó ṣọ́ lè ní in. Ní iwájú rẹ̀, sípíríǹgì tí a ká bí ejò ni ó gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró. Ní ẹ̀yìn, irin pẹlẹbẹ tí a tò léra wọn ni, bí a ti ń rí i lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù.

Nígbà tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ jáde, ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀pá iwájú fún èyí tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká ní láti san owó lé e. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọ̀pá náà di ti gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1974 ọ̀ràn yí padà. Ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣe òfin nípa bí imú ọkọ̀ yóò ti gba ìkọlù, àti nípa bí fìtílà iwájú rẹ̀ yóò ti ga tó. Dípò kí àwọn aṣekọ̀ tún iwájú ọkọ̀ yà, wọ́n fi rọ́bà dúdú ńlá sí imú àti ìdí rẹ̀, wọ́n sì gbé gbogbo ara ọkọ̀ sókè ní ìwọ̀n ìnṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àkókò kan náà ni wọ́n yọ ọ̀pá iwájú kúrò lára èyí tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká, kí owó tí wọ́n ń ná lé e lórí lè dín kù. Ẹ rò ó wò: ọkọ̀ ga sí i, ó wúwo sí i ní imú àti ní ìdí, ohun tí kì í jẹ́ kí ó fì ni a sì mú lọ! Nígbà tí ó di ti ọdún 1977, àwọn aṣekọ̀ fúnra wọn dá ọ̀pá iwájú padà, wọ́n sì fi òmíràn sí ẹ̀yìn pẹ̀lú.

Nítorí náà, bàbá wa ọ̀wọ́n, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ yín léèrè ọdún tí a ṣe ọkọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti àárín ìgbà méjèèjì yìí, kì í ṣe ohun àjèjì ni ó fẹ́ fi sí i. Ohun tí a yọ kúrò lára irú rẹ̀ ni ó fẹ́ dá padà.

Ti àbúrò mi, ọdún 1975 ni. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Oxford, ó ní kí n jẹ́ kí òun gbé mi lọ wo ìlú tí a ti ṣe ọkọ̀ òun. Ọ̀nà tí ó gba orí òkè Boars Hill ni a tọ̀. Nígbà tí a dé ibì kan tí ọ̀nà ti tẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, tí igi sì ṣíji bò ó, a ṣàdédé bá ọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ ní iwájú wa. Àbúrò mi yí ọwọ́ ọkọ̀ kánkán kí ó má ba à kọlù ú. Ara ọkọ̀ tẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ mi bí ọkọ̀ ojú omi tí gbogbo èrò rẹ̀ sáré sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èjìká mi lu ilẹ̀kùn. Bí ó sì ti yí i padà, ara ọkọ̀ tún já sí apá kejì, ìdí ọkọ̀ sì fẹ́ máa bá tirẹ̀ lọ. Ọpẹ́ ni pé a kò fara kan ẹni náà. Nígbà tí a dúró, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ohun tí mo ń sọ fún yín nípa ọ̀pá nìyẹn." Mo dá a lóhùn pé, "Bí ọ̀pá bá ni yóò wo èyí sàn, kí ni ìwọ tún ń dúró dè?" N kò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò pé.

Kí ni ọ̀pá yìí ń ṣe gan-an? Ọ̀pá amúkọ̀dúró ni n ó máa pè é níhìn-ín. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní anti-roll bar, àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní sway bar. Bí ẹ bá rí orúkọ méjèèjì nínú lẹ́tà ọmọ yín, ohun kan náà ni. Ìmọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti àná, nítorí ní ọdún 1919 ni ará Kánádà kan tí ń jẹ́ Stephen Coleman ti gba ìwé-àṣẹ lórí irú rẹ̀. Ọ̀pá gígùn kan ni, a tẹ orí rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì rí bí ìlẹ̀kẹ́ ilẹ̀kùn tí a fi ń di korobá mú, ṣùgbọ́n ó gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín rẹ̀ dá abẹ́ iwájú ọkọ̀ kọjá láti ọ̀tún dé òsì, rọ́bà méjì ni ó sì dì í mú mọ́ irin ìpìlẹ̀ ọkọ̀, kí ó lè máa yí nínú wọn. Orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a fi ọ̀pá kékeré kan so mọ́ apá ìsàlẹ̀ tí ó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró.

Bí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì bá jọ gun òkìtì lẹ́ẹ̀kan náà, orí ọ̀pá méjèèjì a jọ gòkè, àárín rẹ̀ a yí nínú rọ́bà, kò sì ní iṣẹ́ kankan tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń yí, tí ara rẹ̀ tẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ òde, orí ọ̀pá kan a lọ sókè, èkejì a lọ sílẹ̀, a ó sì máa lọ́ ọ̀pá náà bí ìgbà tí obìnrin bá ń fún aṣọ tí ó fọ̀. Irin kì í fẹ́ kí a lọ́ òun. Bí ó ti ń jà láti nà padà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti apá òde ọkọ̀ sókè, tí ó sì ń fa apá inú sílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: ẹsẹ̀ tí ó ti ń dá jìyà rí ẹnìkejì mú, ara ọkọ̀ sì dúró déédéé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn nítorí ohun tí ó ń bọ̀ níwájú: ọ̀pá kò sọ táyà di ńlá. Ẹrù tí ń ṣí láti ẹsẹ̀ inú lọ sí ẹsẹ̀ òde nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí, gíga ọkọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ àti ìyára rẹ̀ ni ó ń pinnu ìwọ̀n rẹ̀. Ọ̀pá kò lè dín in kù ní ohun tí ó tó sọ. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó mú kí iwájú gba púpọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ̀yìn sì gba díẹ̀. Bí iwájú bá wá gba jù, táyà òde iwájú ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀.

Nísinsìnyí mo dé orí iṣẹ́ náà. Àbúrò mi ti kọ̀wé ra ọ̀pá kí n tó dé. Bí ọ̀dọ́ ti máa ń ṣe, èyí tí ó nípọn jù nínú ìwé àwọn oníṣòwò ni ó yàn, 7/8 ìnṣì, nígbà tí èyí tí a mọ̀ mọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kò ju 5/8 ìnṣì lọ. Rọ́bà rẹ̀, irin tí ń gbá rọ́bà mú, ọ̀pá kékeré ìsopọ̀ méjèèjì àti àwọn bóòtù rẹ̀ ni wọ́n dì pọ̀ sínú àpótí kan. Ní ọjọ́ Sátidé a bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, gbígbé ọkọ̀ sókè. Ilẹ̀ líle tí ó tẹ́jú ni a wá. A fi òkúta há ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, a sì fa ìjánu ọwọ́. A fi jáàkì gbé iwájú sókè, a sì gbé e lé ìdúró irin méjì kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀. Jáàkì wà fún gbígbé ni, kò wà fún dídúró dè. Ẹni tí ó bá sùn sí abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé, ó fi ẹ̀mí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ pọ̀. Bí ọ̀kan bá wà nílẹ̀ tí èkejì sì so rọ̀, ọ̀pá a ti lọ́ kí a tó dè é parí, bóòtù kò ní wọ ihò rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì tú u nígbà náà, ó lè fò kí ó gba onítọ̀hún lójú.

Èkejì, yíyẹ irin wò. Èyí ni àbúrò mi fẹ́ fò dá. Ó ní kí a sáà ti bóòtù wọlé. Mo ní kí ó fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì onírin, nítorí ojú akọ̀wé kì í gbàgbé láti wo ìsàlẹ̀ ìwé. Mo ha ibi tí ọ̀pá yóò gbé dúró lára irin ìpìlẹ̀. Ní apá ọ̀tún, irin náà dán, ó sì le. Ní apá òsì, ọ̀dà dúdú tí wọ́n ti kùn ún ní àtijọ́ ṣí bí èèpo ẹ̀pà, lábẹ́ rẹ̀ irin ti dógùn-ún débi pé ìdí sikurudiráfà wọ inú rẹ̀ lọ. Àwa méjèèjì dákẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni agbára ọ̀pá ìbá máa fà, lójoojúmọ́, ní gbogbo kọ́nà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí a bá ti dè é bẹ́ẹ̀, kì bá yẹ̀ nínú àgbàlá wa. Ní ibi tí ọkọ̀ bá ti ń yí pẹ̀lú eré ni ìbá ti já.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọjọ́ kan di ti ọ̀sẹ̀ méjì. A pe ẹni tí ń jó irin mọ́ irin. Ó gé èyí tí ó ti bàjẹ́ kúrò, ó sì fi irin tuntun dí i. Owó tí ó gbà ju owó ọ̀pá lọ. Àbúrò mi kùn, ṣùgbọ́n ó san án. Mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ ṣírò èyí mọ́ owó tí yóò ná kí ó tó kọ̀wé ra ohunkóhun.

Ní ìgbà yìí náà ni a yẹ apá ìsàlẹ̀ wò, níbi tí ọ̀pá kékeré ìsopọ̀ yóò gbé dúró. Orí ti bá wa ṣe é. Ihò rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ihò kò bá sí, apá tí ó ní ihò ni kí a rà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: láti yọ apá náà, a ní láti tú sípíríǹgì tí ìwúwo ọkọ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Sípíríǹgì bẹ́ẹ̀ tí ó bá já lójijì lè pa ènìyàn. Kí a gbé iṣẹ́ yẹn lọ fún mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta, dídè é ní dẹngbẹrẹ. A fi rọ́bà méjèèjì sí ara ọ̀pá, pẹ̀lú gíríìsì tí a ṣe fún rọ́bà. Gíríìsì ti ẹ̀rọ a máa jẹ rọ́bà. Mo gbé ọ̀pá náà mọ́ àyà ọkọ̀ bí ẹni gbé igi àjà, àbúrò mi sì ti bóòtù wọlé ní ọwọ́, láìlo sípánà. Ọ̀pá kékeré ìsopọ̀ ní ti ọ̀tún, ó sì ní ti òsì. A ti fi wọ́n sí òdì kí a tó ṣàkíyèsí, a sì tún un ṣe. Lẹ́yìn náà a fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ sí ọ̀tún dé òpin, sí òsì dé òpin, láti rí i pé ọ̀pá kò fi ara kan táyà tàbí okùn ìjánu. A wo àárín rẹ̀ bí ó bá wà ní ọgbọọgba, a sì dè irin kékeré méjì tí kì í jẹ́ kí ọ̀pá ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́.

Ẹ̀kẹrin, fífún un le. Níhìn-ín ni a ti ṣe àṣìṣe. A fún gbogbo bóòtù le nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń so rọ̀. Bí a ti sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ìwúwo rẹ̀ gbé apá ìsàlẹ̀ sókè, ó sì lọ́ rọ́bà tí a ti há mọ́ ibi tí kì í ṣe ipò rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ọkọ̀ ń han bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. A tú u ní dẹngbẹrẹ, a sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a tẹ imú rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà mẹ́ta kí ó lè rí ipò rẹ̀, nígbà náà ni a tó fi sípánà oníwọ̀n fún un le dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ wí. Igbe náà dákẹ́. Lẹ́yìn tí ó ti rin nǹkan bí 100 máìlì, a tún fi sípánà yẹ gbogbo rẹ̀ wò.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ọkọ̀ tí ó ti ń mì bí àgbà ọ̀mùtí wá ń rìn bí ọmọ ogun. Inú àbúrò mi dùn, ó ń kọrin. Inú mi dùn pẹ̀lú. Ìdùnnú yẹn ni ó fẹ́ ṣe wá ní ibi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, a ń bọ̀ lórí ọ̀nà òkè kan náà. A dé kọ́nà tí mo ti sọ fún yín ṣáájú. Àbúrò mi yí ọwọ́ ọkọ̀ sí ọ̀tún. Ọkọ̀ kò tẹ̀ rárá, ó dúró pẹrẹsẹ bí tábìlì. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò yí! Ó ń lọ gbọnrangandan sí ọgbà igi tí ó wà létí ọ̀nà ní apá ọ̀dọ̀ mi. Ó yí ọwọ́ rẹ̀ sí i, kò gbọ́. Nígbà tí ó rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, táyà iwájú tún rí ilẹ̀ mú, ọkọ̀ sì padà sí ọ̀nà. Ewé igi ti gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mi kọjá.

Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ kò tẹ̀. N kò mọ̀ pé mo ti ń sáré tó bẹ́ẹ̀."

Gbólóhùn yìí ni ó mú mi kọ gbogbo ohun tí ẹ ń kà yìí. Títẹ̀ tí ọkọ̀ ń tẹ̀ ní àtijọ́, àlébù ni, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ agogo ìkìlọ̀. Nígbà tí èjìká bá lu ilẹ̀kùn, ẹni tí ń wa ọkọ̀ a mọ̀ pé òun ti dé ààlà. Àwa ti gba agogo náà kúrò, a kò sì fi ìnṣì kan kún ohun tí táyà lè dìmú. Síwájú sí i, ọ̀pá tí a fi sí i nípọn jù, ó di ẹrù púpọ̀ lé táyà òde iwájú, ní orí ilẹ̀ tútù, òun ni ó sì kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a délé, a mú ìwé àti pẹ́ńsù. Agbára tí ọ̀pá fi ń kọ lílọ́ kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n bí ó ti nípọn sí i nìkan. A ó fi ìwọ̀n nínípọn rẹ̀ lu ara rẹ̀ títí yóò fi di ìgbà mẹ́rin. Kí àwọn ọmọ ilé ìwé tí ó wà nínú ilé bá wa ṣe é: 5 lọ́nà 5 lọ́nà 5 lọ́nà 5 jẹ́ 625. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 7, ẹ ó rí 2,401. Èyí ni pé ọ̀pá 7/8 ìnṣì le tó ìlọ́po mẹ́rin ti 5/8 ìnṣì, ó dín díẹ̀, bí gígùn àti ìrísí wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà. Kódà 6/8, èyí tí í ṣe 3/4 ìnṣì, a máa fún wa ní 1,296, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Lójú, ìyàtọ̀ wọn kò ju fífẹ̀ ìka ọmọdé lọ. Lójú ọ̀nà, ohun ńlá ni.

Àbúrò mi tú ọ̀pá ńlá náà, ó tà á ní owó tí kò tó èyí tí ó fi rà á, ó sì fi ti 5/8 ìnṣì sí i. Ọkọ̀ náà a máa tẹ̀ díẹ̀ nísinsìnyí, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ ọkọ̀ tí ó wà láàyè. Ó tún pa táyà àtijọ́ rẹ̀ tì, ó ra tuntun. Táyà náà kò tíì jẹ rárá ní ojú, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ti mú kí rọ́bà rẹ̀ gbẹ, kí ó sì ya. Bí a bá ní kí n sọ òtítọ́, táyà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rà.

Ohun méjì tún kù tí ó kan òfin àti àṣà ilẹ̀ náà. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí ó ti ju 40 ọdún lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a kò sì yí padà púpọ̀, ni a ti dá sílẹ̀ kúrò nínú àyẹ̀wò ọdọọdún. Àwọn kan rò pé oore ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò wo abẹ́ ọkọ̀ bá ọmọ yín àfi bí ó bá wò ó fúnra rẹ̀ tàbí kí ó san owó fún ẹni tí yóò wò ó. Irin tí ó ti dógùn-ún lábẹ́ ọkọ̀ àbúrò mi ti wà bẹ́ẹ̀ ju ọdún kan lọ dájúdájú. Èkejì ni pé kí ó sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò pé òun fi ọ̀pá sí ọkọ̀ náà, nítorí bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí wọ́n sì rí ohun tí a kò sọ fún wọn, wọ́n lè kọ̀ láti san.

Bàbá wa ọ̀wọ́n, ìdáhùn wa rè é. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti ìgbà tí a yọ ọ̀pá kúrò, ẹ jẹ́ kí ó rà á, kì í ṣe fáàrí. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tí ẹ ó kọ sí i, ẹ bá wa fi ohun mẹ́ta kún un. Kí ó kọ́kọ́ wo táyà rẹ̀ àti irin tí yóò gbé ọ̀pá náà. Kí ó ra ìwọ̀n tí àwọn aṣekọ̀ fúnra wọn yàn, kí ó má ṣe wo èyí tí ó nípọn jù. Àti ní ọjọ́ tí ó bá parí iṣẹ́ náà, tí ọkọ̀ bá ń lọ pẹrẹsẹ tí inú rẹ̀ sì ń dùn, kí ó wo aago tí ń sọ ìyára kí ó tó dé kọ́nà, nítorí ara ọkọ̀ kò ní sọ fún un mọ́ bí ó ti ń sọ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ tí ó bá gba ìyẹn gbọ́, ẹ lè sùn lóru nítorí rẹ̀. Ẹ kí i fún wa.

Ó dìgbà mìíràn.